Búùtù Tí Igi Gbé Ró

Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Fìdítì àti Ìlọrà,

Ọ̀rọ̀ búùtù ọkọ̀ ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọjà kan, à ń kó ẹrù sínú Sienna ní gáréèjì. Dẹ́rẹ́bà ti fi igi gbé búùtù ró, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọsàn gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ wá, apẹ̀rẹ̀ kọ lu igi, igi yẹ̀, ni búùtù bá já lé e lọ́wọ́. Ìka méjì ló kán. Oṣù méjì gbáko ni kò fi lè ṣí ìsọ̀. Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ èṣù ni." Èmi ò gbà. Iṣẹ́ èṣù kọ́, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni.

Ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé búùtù dúró, gáàsì ni wọ́n kì mọ́ inú rẹ̀. Bó bá ti ń gbó, gáàsì náà á máa jò díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi ní lè gbé nǹkan kan mọ́. Tòkúnbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn Sienna tí à ń wọ̀. Ṣé ẹ rí i pé igi kọ́ ni oògùn rẹ̀?

Àwọn kan á ní tàwọn ń lo iná, pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ tí búùtù fi ń ṣí. Ìyẹn náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀kì ló ń ran ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kú, ẹ̀rọ nìkan ò lè gbé e pẹ́. Ilẹ̀kùn tó ń lo iná máa ń dalẹ̀ nígbà mìíràn. Lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ Toyota pe Sienna tó tó 744,000 padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2011 sí 2016, torí pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọn lè ṣí lórí ìrìn. Bí ti ọkọ̀ tí kò tíì gbó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa tòkúnbọ̀ tí okùn ń dì mú?

Okùn yẹn gan-an tún ni ewu kejì. Bí ẹrù bá pọ̀ jù tí búùtù ò pa dé, tí wọ́n fi okùn so ó, èéfín sàlẹ́ńsà á máa wọlé látẹ̀yìn. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín náà, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Orí á máa fọ́ èrò ẹ̀yìn, òòyì á máa kọ́ wọn, oorun á gbé wọn lọ. A ó ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Ó lè pa èèyàn pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwa náà lẹ́bi níbẹ̀. Ta ló ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àpò kan sí i"? Àwa ni. Ta ló ń jẹ́ kí ọmọ jókòó lórí ẹrù nínú búùtù? Àwa náà ni.

Ẹlòmíràn á ní, "Bí mo bá kọ̀, ta ni yóò gbé ọsàn mi dé Bódìjà? Ọsàn kì í dúró deni." Òótọ́ ni. Ẹnì kan ò lè dá a kọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá kọ̀ lápapọ̀, dẹ́rẹ́bà á wá owó ṣọ́ọ̀kì, nítorí owó wa ló ń jẹ.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi ṣòfin. Kí a tó gbé ẹrù, kí dẹ́rẹ́bà ṣí búùtù, kó sì jọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dúró lókè fúnra rẹ̀, ẹ gbé ẹrù yín. Bó bá ń wálẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn, kí dẹ́rẹ́bà lọ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Búùtù tí kò bá pa dé, kí ọkọ̀ má gbéra. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wà nínú búùtù. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú títì, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ará iwájú ti jìn sí kòtò. Ọsàn tó bà jẹ́, a ó rí òmíràn rà. Ìka tó kán ńkọ́?