Ẹ Má Tíì Wó O: Bí A Ti Ń Fi Ohun Àlòkù Tún Ilé Àtijọ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó sì jẹ́ pé irú rẹ̀ ni ọkọ yín jogún, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju pé kí a wó o lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àwọn àgbà náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, kí a mọ èyí tí ó ṣì lè bo ara nínú rẹ̀.

Bàbá ọkọ mi kọ́ ilé kan sí Ògùdù, ní apá ibi tí abúlé àtijọ́ wà, tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Yàrá mẹ́fà ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀, igi ìrókò sì ni gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti dolóògbé, ìyá ọkọ mi nìkan ni ó kù sínú rẹ̀. Òrùlé ń jò, ògiri ń ya, ilẹ̀kùn mélòó kan sì ti di oúnjẹ ikán.

Ní ọdún tí ó kọjá ni ẹbí pe ìpàdé. Àwọn àbúrò ọkọ mi méjì, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi, ní kí a wó ilé náà, kí a fi ilẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀, tí yóò sì fún ẹbí ní fúláàtì méjì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàì ní ọgbọ́n nínú, nítorí ilẹ̀ Ògùdù ti wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, màmá gbé ojú sókè, ó béèrè pé, “Níbo ni ẹ óò gbé èmi sí títí ilé alájà náà yóò fi parí?” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ipò ìyàwó láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan péré. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbà.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọkàn mi fi gbóná bẹ́ẹ̀. Ilé kan wà rí ní gbàgede Tinúbú ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855 ní irú ọ̀nà iṣẹ́ tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Ìkéde kò gbà á lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, nínú ọgbà Rélùwéè, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwókù kí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Legacy 1995 tó tún un ṣe, tí wọ́n sì kó ohun ìrántí iṣẹ́ rélùwéè sínú rẹ̀. Ohun tí ó ya ilé méjèèjì yìí sọ́tọ̀ ni pé èkejì rí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí iṣẹ́. Ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe sí ilé àtijọ́ kì í ṣe ọ̀dà kíkùn. Òrùlé ni. Ilé tí òjò ń wọ̀ láti òkè, ohunkóhun tí a bá ṣe nínú rẹ̀ ti di òfò. A pààrọ̀ páànù tí ó ti jẹrà, a sì mú kí etí òrùlé gùn jáde sí i, kí omi má baà máa ṣàn lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni a wa gọ́tà yí ilé ká, kí omi lè rí ọ̀nà lọ.

Èkejì ni wíwá àlòkù ohun èlò. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí a ti ń wó ilé àtijọ́ ni a ń ta ilẹ̀kùn, fèrèsé àti igi òrùlé wọn. Ní ti irin, Òwódé Onírin kò jìnnà sí wa, létí òpópónà Ìkòròdú lẹ́yìn Mile 12. Owó tí ìbá ra ilẹ̀kùn tuntun méjì ni mo fi ra ilẹ̀kùn ìrókò mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó na owó yín:

Ẹ kọ́kọ́ wọn ojú ilẹ̀kùn nílé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ilẹ̀kùn tí ó tóbi jù, a lè gé e. Èyí tí ó kéré jù, wàhálà ni.

Ẹ mú ìṣó kan dání. Ẹ fi gún ìsàlẹ̀ igi náà àti ibi tí ìdè rẹ̀ ti wọlé. Bí ìṣó bá wọlé wọ̀ọ̀, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí ń dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ikán kì í sábà jẹ ìrókò àti apá. Arère ni ó máa ń tètè jẹ.

Ẹ mú òòfà dání pẹ̀lú. Ìdè ilẹ̀kùn tí òòfà kò bá mú lè jẹ́ idẹ. Bí ó bá ti dúdú, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nù ún, ẹ ó sì rí i bí yóò ti máa dán.

Ẹ béèrè ibi tí ohun náà ti wá, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí ó ti ààfin tàbí ojúbọ wá kì í ṣe ohun tí a ń rà sínú pálọ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, òfin sì ń dáàbò bò ó.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni ó kàn báyìí, n kò sì ní fi í pamọ́ fún yín. Mo jẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé mo mọ ohun gbogbo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, mo ní kí bíríkìlà ha ògiri amọ̀ náà, kí ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tinútòde, kí ó lè dán bí ilé tuntun. Ó dán lóòótọ́. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí. Nígbà tí ó di oṣù keje, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, ògiri yàrá màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn aboyún. Mo rò pé yóò gbẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, sìmẹ́ǹtì náà ya lulẹ̀ pẹ̀lú odindi apá kan nínú amọ̀, ó sì bo ibùsùn màmá. Ọlọ́run ló yọ ọ́: ó ti jí, ó ti lọ dáná lẹ́yìnkùlé.

Àbúrò ọkọ mi dé ní ọjọ́ náà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ibùsùn, ó wò mí, ó ní, “Ìyàwó wa, ṣé o rí i báyìí?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí bí kò ṣe iná ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí màmá fẹ́ yí, èmi ni ìbá pa á.

Bàbá bíríkìlà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ní àdúgbò wa, ni ó wá là mí lójú. Ó fi ọwọ́ kan amọ̀ tí ó ya náà, ó fún un, omi jáde. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀wù rọ́bà ni o wọ̀ fún ẹni tí ń làágùn.” Ó sì ṣàlàyé. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u jáde sí afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi náà jáde. Yóò máa kó jọ sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì títí amọ̀ yóò fi rọ̀, tí àwọn méjèèjì yóò fi kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi la ògiri náà lẹ́nu.

Ohun tí bàbá náà kọ́ wa ni pé kí a ha gbogbo sìmẹ́ǹtì kúrò, kí a jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí a fi amọ̀ dí ibi tí ó ṣí, kí a sì fi yẹ̀pẹ̀ pupa tí a pò mọ́ yanrìn rẹ́ ẹ. Kí a tó rẹ́ odindi ògiri, a dán an wò ní ojú ibi mẹ́ta: yẹ̀pẹ̀ ìwọ̀n kan sí yanrìn ìwọ̀n kan, sí méjì, sí mẹ́ta. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Èyí tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù sán; èyí tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ jù ń kù dà sílẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ kàn án; ti àárín ni ó dúró. Ilẹ̀ tiyín lè yàtọ̀ sí tiwa, nítorí náà ẹ dán tiyín wò. Láìmù ni a fi kùn ún lẹ́yìn náà, nítorí pé òun náà a máa jẹ́ kí ògiri mí.

Ewu méjì mìíràn wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò. Èkíní ni ọ̀dà àtijọ́. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn láyé ọjọ́un, òjé sì a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 1978 ni wọ́n fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé ní Amẹ́ríkà. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ bu omi sí i kí ẹ tó ha á, ẹ bo imú, ẹ kó ohun tí ó bọ́ sínú ọ̀rá, ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Èkejì ni òrùlé tàbí àjà asbestos. Bí ó bá wà nílé yín tí kò sì fọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kùn ún. Bí ó bá di dandan kí a yọ ọ́, kí a fi omi rin ín, kí a yọ ọ́ lódindi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn gé e.

Nígbà tí ara ilé bá ti le ni kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Yàrá ilé amọ̀ a máa ṣókùnkùn. A gbé dígí ńlá kan kọ́ sí ọ̀kánkán fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì di méjì. Ẹsẹ̀ irin ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí màmá ti pa tì ni a gbé pákó ìrókò lé, ó sì di tábìlì tí àwọn ọmọ ń kàwé lórí rẹ̀. Àpótí onírin tí ó gbé wá sílé ọkọ ni tábìlì àárín pálọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí etí rẹ̀ ti gbó, a gé àárín rẹ̀ fi rán ìbòrí ìrọ̀rí; aṣọ òkè tí ó ti ya, a to ó pọ̀ mọ́ ara wọn, a ta á sórí ìjókòó. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohun àtijọ́ bá pọ̀ jù nínú yàrá, yóò dàbí ìsọ̀ alálòkù. Ohun kan tó fún ògiri kan.

Ọdún tí mo tọrọ yóò pé ní oṣù méjì sí i. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ mi ti mú ọmọ rẹ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ màmá. Èkejì kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, n kò sì bá a jà, nítorí ilé bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó wá, ó fi ọwọ́ fọ ilẹ̀kùn yàrá tí bàbá wọn ń sùn sí, ó bi mí léèrè irú epo tí mo fi pa á. Mo sọ fún un. Màmá ti padà sí yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí a gbé ibùsùn jìnnà sí ògiri díẹ̀. A gbé e.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání bí ẹ bá ń ha ilẹ̀kùn ìrókò tí kò lọ́dà, kí wọ́n mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìdí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Ilé yín kò ní wó o.