Kí ẹ́ńjìnnì tó sáré, kí bíréèkì kọ́kọ́ mú

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò kò pọ̀ lójú títì mọ́, ariwo kan wà tó máa ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun. Ariwo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti gé sàlẹ́ńsà ọ̀kadà wọn dànù ni, tí wọ́n ń bá ara wọn sáré ìje lójú ọ̀nà márosẹ̀ láìsí akoto lórí. Àwọn àgbà á ṣépè, ọlọ́pàá á lé wọn, wọ́n á sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ṣubú nínú wọn, igbe ìyá rẹ̀ la ó gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

A kò ní gbè sẹ́yìn wọn. Ọ̀nà tí aláboyún, ọmọ iléèwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà ń gbà kọjá kì í ṣe pápá eré ìje. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun kan: níbo ni àwọn alùpùpù yìí ti di asáré? Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni, àti abẹ́ igi tí mẹkáníìkì ń jókòó sí. Ọmọ tí kò ka ìwé mẹ́wàá ló tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó pààrọ̀ ríńgì, tó sì tò ó padà láìwo ìwé kankan. Ọgbọ́n ọwọ́ gidi nìyẹn. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a pa ọgbọ́n náà nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń lò ó kò dára.

Ní orílẹ̀-èdè New Zealand, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn bàbá wọn pàápàá ní pápá tiwọn. Bucket ni wọ́n ń pe eré ìje náà, bí ìgbà téèyàn bá pe alùpùpù rẹ̀ ní garawa. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni wọ́n ń lò: ní ìpele tí wọ́n ń pè ní F4, ẹ́ńjìnnì fọ́ò-sítírókù kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 150cc lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ dìídì ṣe fún eré ìje kò sì gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ara alùpùpù tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ tàbí sóko ni ó ti gbọ́dọ̀ wá. Nítorí náà, olówó kò lè kàn na owó kó sì gba ipò kìíní. Inú gáréèjì ilé wọn ni wọ́n ti ń tò ó lálẹ́, tó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí pápá kékeré tí wọ́n ti pa ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé. Ẹ kíyè sí i pé 100cc, 125cc àti 150cc yìí gan-an ni ìwọ̀n ọ̀kadà tó kún ìgboro wa.

Ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ni olóògbé Burt Munro, ará ìlú Invercargill. Lọ́dún 1920 ló ra alùpùpù Indian Scout kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 600cc, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 88 ní wákàtí kan lọ. Ó fi ohun tó lé ní ogójì ọdún tún un ṣe nínú ahéré tó wà nílé rẹ̀. Inú agolo àlòkù ló ń yọ́ irin dà sí láti fi mọ písítìn fúnra rẹ̀. Èyí tó bá sì fọ́, kò jù ú nù, orí pẹpẹ ló ń tò ó sí. Lọ́dún 1967, nígbà tó ti di ẹni ọdún 68, ó gun alùpùpù yẹn kan náà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tóbi sí i, lórí ilẹ̀ oníyọ̀ gbalasa Bonneville ní Amẹ́ríkà. Ó sá eré tó lé ní kìlómítà 295 ní wákàtí kan, ó sì gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì tí kò tó 1000cc. Kò sí oníbẹ̀rẹ̀kẹ́ntẹ̀ kan tó fẹ́ sọdá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gé sàlẹ́ńsà, ẹ tún gbọ́ èyí. Bóyá ẹ rò pé ariwo ni eré. Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ MZ ní ìlú Zschopau, ní Ìlà Oòrùn Jámánì àtijọ́, ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, ó kàn fara balẹ̀ wo páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì tú-sítírókù, ìyẹn èyí tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Èéfín máa ń jáde bí ìgbì omi. Bí páìpù náà bá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbì yẹn á máa fa epo tuntun wọlé. Bó bá tún wá ń fún ní ìparí, ìgbì náà á kọlu ibẹ̀, á padà, á sì ti epo tó ti fẹ́ bá èéfín jáde wọnú ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún 1961, ẹ́ńjìnnì 125cc tó ṣe ti ní agbára ẹṣin 25. Ọ̀kadà 100cc ìgboro wa kì í ní ju bíi mẹ́jọ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ernst Degner, tó ń bá wọn sáré, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn, tó sì gbé ìmọ̀ náà tọ Suzuki lọ ní ilẹ̀ Japan. Nígbà tó di ọdún 1962, ó fi Suzuki 50cc gba ipò kìíní lágbàáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá gé páìpù tú-sítírókù dànù, agbára ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ ló gé, ariwo nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìtọ́jú ló ń gbé alùpùpù eré ìje dé òpin. Ẹni tó ń kàn án nílé gbọ́dọ̀ máa yọ púlọ́ọ̀gì wò: bó bá ní àwọ̀ bíi kòkó, ó dára, bó bá funfun, epo kò tó, písítìn lè yọ́, bó bá dúdú tó sì tutù, epo ti pọ̀ jù. Ṣéènì kò gbọdọ̀ le jù, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ jù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olùyẹ̀wò á wò ó bóyá bíréèkì mú, bóyá kéébù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo ń padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Kódà, wáyà ni wọ́n fi ń so nọ́ọ̀tì ìdí ọ́ìlì, kó má baà tú, kí ọ́ìlì má sì gbé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣubú. Ẹni tí kò bá yege kò ní sáré lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó.

Níbí ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó rú òfin náà túútúú. A kò bá òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀mí jà. Ohun tó ń dùn wá ni pé ẹ́ńjìnnì tí ọmọ iléèwé lè fi kọ́ṣẹ́ ń di pàǹtírí, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán ara pátákó ni àwọn ọmọ kan fi ń kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan á ní ikú la fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọn yóò ti máa sá a ló kù tí a lè yàn fún wọn. Lóòótọ́, èèyàn lè ṣubú nínú pápá náà, ṣùgbọ́n kò ní ṣubú sábẹ́ ọkọ̀ àjàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pa ìyá oníyàá tó ń ti ọjà bọ̀.

Nítorí náà, a rọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti ya pápá kan sọ́tọ̀, kódà bó jẹ́ ọ̀sán Sátidé kan ṣoṣo lóṣù, kí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wà níbẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá wọn yẹ alùpùpù àti akoto wò. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kó lára àwọn ọ̀kadà tí wọ́n bá gbà fún àwọn iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ dípò kí wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì náà, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ní kí ẹ bá òun fi kún eré ọ̀kadà tí bíréèkì rẹ̀ kò mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kúrò lójú títì. Ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, a sì fẹ́ kí ẹ dàgbà lẹ́nu rẹ̀. Munro ti di ẹni ọdún 68 kó tó sá eré tó ga jù nínú ayé rẹ̀.