Ẹ̀tọ́ Tálákà Kì Í Ṣe Ìtọrẹ
Kò sí ohun tó rú lójú nínú òfin wa lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 1, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ó tún ní aláìjẹ̀bi ni onítọ̀hún títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ẹ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n wa: àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ wọn kò lówó lọ́yà, wọn kò sì mọ onílé tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè dúró fún wọn. Olówó tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn kan náà kàn ti gba béèlì, ó ti padà sílé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí olùpẹ̀jọ́ nìkan bá ní agbẹnusọ, ṣé ẹjọ́ ẹnì kan kọ́ la ń gbọ́ yẹn? Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìjọba fún àjọ náà lówó àti lọ́yà tó tó iṣẹ́ náà. Kí àwọn adájọ́ má ṣe béèrè onídùúró tó ju agbára ẹni lọ. Kí ọlọ́pàá sì jáwọ́ nínú gbígba owó béèlì, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo èyí, ìjọba ló sì jẹ tálákà ní gbèsè rẹ̀.