Ẹ̀yin ará Michigan, ẹ bọ́ rímù tó ń dán yẹn kí yìnyín tó dé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rímù. Mo mọ̀ pé oúnjẹ àti aṣọ lẹ mọ̀ mí mọ́ lórí pèèjì yìí, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ti dé, mo sì ti rí èèyàn mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó gbé fọ́tò rímù kúróòmù tuntun síta. Ní Michigan níbí! Ọ̀rọ̀ á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Èrò tèmi rèé: tí ẹ bá ń gbé níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì, rímù irin dúdú tí kò lẹ́wà yẹn ló yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò yín láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Kúróòmù, kó jókòó sílé.

Ẹni tí kò gbé níbí lè béèrè pé, iyọ̀ wo? Iyọ̀ náà ni o. Omi iyọ̀ kì í tètè dì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Abẹ́ ìlú Detroit gan-an ni ibi ìwakùsà iyọ̀ kan wà, ó jìn tó nǹkan bí 1,200 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ṣí i. Nítorí náà, ẹ má retí pé iyọ̀ á tán. Tí òtútù bá wá lọ sísàlẹ̀ -9°C, agbára iyọ̀ lásán ti ń dín kù nìyẹn, wọ́n á wá fi calcium chloride tàbí magnesium chloride kún un. Àwọn yẹn a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, wọn kì í fẹ́ gbẹ. Ẹ̀ẹ́ rò pé mọ́tò ti gbẹ, ẹ̀yìn rímù ṣì tutù níbi tójú yín ò dé.

Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo rà níbí, rímù ẹ̀ ló fà mí. Ó ń kọ mànà! Mi ò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì dáadáa, ká má parọ́. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́, kúróòmù bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ní kò burú, ẹwà lásán ló lọ. Ìgbà òtútù kejì ni wàhálà gan-an dé: táyà iwájú lápá òsì ń jo. Lójoojúmọ́. -15°C láàárọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé epo, ìka mi ti kú, mò ń fẹ́ táyà kí n lè dé ibi iṣẹ́. A wá ìṣó títí, a ò rí i. Wọ́n ní kí n ra táyà tuntun, $140 lọ. Ọjọ́ kẹta, ó tún rọ̀.

Ọjọ́ tó wá rọ̀ pátápátá, orí ọ̀nà márosẹ̀ ni mo wà, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo mọ́tò ń mì. Mo sunkún o.

Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù táyà ló là mí lójú. Ó bọ́ táyà kúrò, ó ní kí n fọwọ́ kan etí inú rímù, níbi tí táyà ti ń fara tì í. Ìyẹ̀fun funfun ló kún ibẹ̀, ó rí ṣákaṣàka. Aluminium kì í ní ìpáàrà pupa bíi ti irin, ṣùgbọ́n iyọ̀ ń jẹ ẹ́, funfun ni tiẹ̀. Ibi tí iyọ̀ ti jẹ yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Táyà tí mo jù nù yẹn, kò ṣẹ̀ mí.

Kúróòmù ló burú jù, torí pé awọ tínrín ni wọ́n fi bo ara ẹ̀. Tí òkúta bá ti lù ú, tó sán díẹ̀ báyìí, omi iyọ̀ á wọ abẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ láá ti máa ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ họ ojú ẹ̀ kó lè máa dán náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn, ọ̀dà aláìláwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lójú ẹ̀. Tí ẹ ò bá lówó rímù oríṣi méjì, ẹ ra álọ́ì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà látòkèdélẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi iná yan ọ̀dà mọ́ lára. Kó má ní kọ́rọ́ púpọ̀, kó lè ṣeé fọ̀.

"Ṣé irin ò kì í dípàárà ni?" Ó ń dípàárà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi sáńpépà ha á, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà agolo kùn ún, ó parí. Tó bá sì wọ kòtò, ó lè tẹ̀ níbi tí álọ́ì á ti sán. Mẹ́rin tèmi, $320. Mo mú èyí tó fi ínṣì kan kéré sí ti tẹ́lẹ̀ kí ara táyà lè nípọn sí i, àmọ́ ẹ rí i dájú pé kò ní kan búréèkì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bọ̀ọ̀dá mi kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ. "Àbúrò, irú irin wo lẹ gbé wá sóde yìí? Ṣé takisí lẹ ń wà ni?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa rẹ́rìn-ín o." Gbogbo ilé dà á sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn gan-an. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń wa mọ́tò lórí yìnyín kó tó dé ilé, ojú àwọn ará páátì ló fi ń ra rímù.

Ẹ fi omi fọ ẹ̀yìn rímù, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹ má lo ọṣẹ rímù tó ní ásíìdì, ó ń jẹ ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ rímù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha họ́ọ̀bù, torí iyọ̀ máa ń lẹ álọ́ì mọ́ ọn débi pé òòlù láá yọ ọ́. Ẹ lè fi gíríìsì tó wà fún un pa họ́ọ̀bù fẹ́ẹ́rẹ́, kó má kan ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Lẹ́yìn máìlì 50 sí 100, ẹ tún nọ́ọ̀tì dì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòkunbọ̀ ní Èkó àti Kutonú, ẹ tẹ̀ba wo ẹ̀yìn rímù àti abẹ́ mọ́tò. Wọ́n lè ti pọ́n ojú ẹ̀ dán.

Bọ̀ọ̀dá pè mí lánàá. Táyà wọn ń jo, wọn ò rí ìṣó. Mo ti fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù bàbá yẹn ránṣẹ́ sí wọn.