Ọ̀dà Kì í Ṣe Àtúnṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Bọ́ọ̀sì Ilé-Ẹ̀kọ́

Nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún bí èyí, ohun tí àwa olùkọ́ kéwú sábà máa ń kọ ni ọ̀rọ̀ ìwà rere, ìtọ́jú òbí àti wíwá ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ohun tí a fi sí ìkáwọ́ wa ni, ìyẹn àwọn ọmọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ìjánu rẹ̀ kò mú kọ lu bọ́ọ̀sì wa láti ẹ̀yìn. Kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a sì dúpẹ́. Ìdí bọ́ọ̀sì wọlé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ́, iná ẹ̀yìn méjèèjì sì fọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí á ṣe wọlímà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ohun tó jẹ gbogbo wa lógún ni pé àlejò kò gbọdọ̀ rí bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa ní irú ipò yẹn. A pe páńẹ́bítà kan. Ó ní kíá ni òun yóò ṣe é: òun yóò fi òòlù lù ú jáde díẹ̀, òun yóò fi pọ́tí dí ibi tó kù, òun yóò sì fín ọ̀dà sí i. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo wa ní alihamudulilahi.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Èmi náà ni wọ́n ní kí n fi èdè Lárúbáwá kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, nítorí wọ́n gbà pé ìwé ọwọ́ mi dára. Mo kọ ọ́, ó sì wuyì. Lọ́jọ́ wọlímà, àwọn ènìyàn ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ọ̀kan á ní orí ń fọ́ òun, òmíràn á bì, òmíràn á ti sùn lọ kí ọkọ̀ tó dé ilé-ẹ̀kọ́. A ní ibà ni. A ní ebi ni. Èmi gan-an bá ọmọbìnrin kan wí gidigidi nínú kíláàsì mi pé ó ń tòògbé nídìí Kùránì. Mẹkáníìkì kan tí a gbé ọkọ̀ lọ bá nítorí nǹkan mìíràn ló wọ abẹ́ rẹ̀ tó sì pè wá pé kí á wá wò ó. Ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ti ya kúrò lára irin ẹ̀yìn láti ọjọ́ ìkọlù náà. Ọwọ́ mi wọ àlàfo tó wà níbẹ̀. Páìpù sàlẹ́ńsà ti tẹ̀, abẹ́ àlàfo náà gan-an ló sì ń tú èéfín sí. Férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wọ́, kò sí ẹni tó lè ṣí i láti inú. Lórí gbogbo ìbàjẹ́ yìí ni ìwé ọwọ́ mi wà, tó ń dán gbinrin.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń fà símú. Nínú èéfín ọkọ̀ ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Bí ènìyàn bá ń mí in sínú, á gba ipò afẹ́fẹ́ tó dára nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí fífọ́, èébì, òòyì àti oorun ni àmì rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó ń pani. Àwọn ọmọ ń sọ fún wa, àwa àgbà ni a kò gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìkọlù bá ba bọ́ọ̀sì ọmọ jẹ́, egungun rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe kí á tó kan awọ rẹ̀. Bí owó kò bá sì tó fún méjèèjì, kí ọkọ̀ náà máa rìn láìní ọ̀dà. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni ohun tí a ṣe lọ́dún yẹn.

Àwọn tó ti ń ṣe bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 1977, òfin ti sọ pé ibi tí irin pẹlẹbẹ méjì bá ti so pọ̀ lára bọ́ọ̀sì tuntun tó wà fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá 60 nínú 100 agbára èyí tí kò lágbára tó ìkejì nínú wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ojú ìsopọ̀ bá já nígbà ìkọlù, etí irin á di ọ̀bẹ. Pọ́tí kò lè so irin pọ̀ rárá. Ìbòjú lásán ni.

Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky, lẹ́bàá ìlú Carrollton, ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1988. Ọ̀mùtí kan wa ọkọ̀ kọ lu bọ́ọ̀sì kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ wọn. Táńkì epo lu, iná sì sọ. Ẹnu ọ̀nà iwájú kò ṣeé gbà, ni gbogbo wọn bá rọ́ lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ènìyàn 27 ló kú, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tiwọn ṣí, síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tiwa kò tilẹ̀ ṣí.

Mi ò bá àwọn oníṣẹ́ irin jà o. Páńẹ́bítà tó mọṣẹ́ wà, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n. Kí ó tó fọwọ́ kan ara ọkọ̀, á kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Kí wẹ́dà tó tan iná, á yọ okùn bátìrì, á gbé táńkì epo jìnnà, á sì ká àga àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ, gígé ló ń gé e, á sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Òun náà máa ń lo pọ́tí, ṣùgbọ́n lórí irin tó ti há mọ́ tónítóní ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti fi dán ojú rẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ lórí ìpẹtà, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà á máa jẹun lábẹ́ aṣọ.

Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́rin kí wọ́n tó sanwó tán.

Ẹ̀kíní, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé irin òòfà, kí wọ́n fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, pọ́tí ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kejì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n da omi sí i lára dáadáa. Ibi tí omi bá gbà wọlé, èéfín lè gbà á wọlé.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n na okùn lábẹ́ ṣáásì láti igun iwájú apá òsì dé igun ẹ̀yìn apá ọ̀tún, kí wọ́n sì na án láti apá kejì bákan náà. Bí okùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ṣáásì ti wọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ kékeré kan wọlé, kí ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ láti inú. Kí àgbàlagbà kankan má ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n sì mi àga kọ̀ọ̀kan wò bóyá bóòtù rẹ̀ mú ilẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ùsítáásì, owó dà?" Ìbéèrè gidi ni. Mo mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ gan-an kì í tètè jáde. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí a kò rí owó tún ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ṣe yẹn, a rí owó màlúù wọlímà, a rí owó àga àti àtíbàbà. Kì í ṣe owó ni kò sí. Ojú ayé ni a fi owó náà rà.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tó ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tó bá a pé òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Ó bi ọlọ́jà léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí lọ́dọọdún. Bọ́ọ̀sì tí a fi ń gbé wọn wá kọ́ ọ ni òkìtì oúnjẹ náà.

Nígbà tó yá, a wá àwo owó sílẹ̀ láàárín ara wa, àwọn òbí sì fi kún un. Wọ́n gé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn, ìwé ọwọ́ mi sì bá irin àtijọ́ lọ. Odidi táàmù kan ni bọ́ọ̀sì fi ń rìn pẹ̀lú ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú, tí àwọn kan ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì. Ọmọbìnrin tí mo bá wí kò tòògbé mọ́. Mo pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ojú wọn náà ni mo ti bá a wí.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ra ìyìn. Kí ó máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.