Ìpara Abóra Lọ́jà Àbújá
Kò yẹ kí wọ́n máa ta ìpara tí kò sí orúkọ èròjà lára agolo rẹ̀ fún aráàlú Àbújá. A ò bá èròjà niacinamide inú ìpara jà; ẹ̀yà fítámì B3 ni, ó ń mú awọ dán, ó sì ń jẹ́ kí omi dúró lára rẹ̀. Ìpara àdàlù tí wọ́n ń pò nínú ìsọ̀ ló ń kọ wá lóminú. Mẹ́kúrì tó lè wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ara ọmọ inú oyún. Hydroquinone, èròjà abóra mìíràn, tí a bá lò ó pẹ́, lè mú ojú dúdú kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ ìlera máa yẹ ìpara ọjà Wuse àti Nyanya wò léraléra, kí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ fáyé gbọ́.