Ẹ Má Fi Síméńtì Bo Àgbàlá Wa

Kò sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Oòduà tẹ̀dó sí, bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, títí dé Elavagnon tí í ṣe olú ìlú ẹkùn Est-Mono ní orílẹ̀-èdè Tógò, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí à ń pè ní Ifẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń pè ní Ana, ti ń dáko láti ayé àwọn baba ńlá wọn, tí ènìyàn yóò dé tí kò ní rí i pé ilé kò parí síbi ògiri, pé ojúde wà níwájú, àgbàlá wà lẹ́yìn, àti pé ìgbé ayé tí à ń gbé lórí ilẹ̀ gbalasa yìí pọ̀ ju èyí tí à ń gbé lábẹ́ páànù lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń dáná, níbẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́ àti àgbàdo, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, tí a ti ń parí ìjà, tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ni ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ nígbà tí mo bá rí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé, tí kò tíì gbé ibùsùn wọ yàrá, tí ó ti ń pe bíríkìlà kí ó wá da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọgbà, tí yóò gé igi tí ó bá níbẹ̀, tí yóò gbé ìkòkò òdòdó méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí yóò sì máa wí fún àwọn ènìyàn pé òun ti sọ àgbàlá òun di ọgbà ìgbafẹ́.

Èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ó ń sọ àgbàlá di ọgbà kì í ṣe ohun tí a rà, bí kò ṣe ọwọ́ tí ń tọ́jú ilẹ̀ lójoojúmọ́, igi tí ó ń ṣíji bò wá, ewé tí ìyàwó ilé lè nawọ́ já nígbà tí ọbẹ̀ ń hó lórí iná, àti ibi tí àgbà lè jókòó sí kí ẹni tí ń kọjá lọ yà kí i. Bí ìwọ̀nyí bá pé, ọgbà dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó kan ṣoṣo kò hù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbálẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń fojú rénà jù. Àlejò tí ó ti ìlú òyìnbó dé, tí ó sì ti mọ ọgbà ní ibi tí koríko tútù bá bo ilẹ̀ bámúbámú, bí ó bá dé inú agbo ilé ní Elavagnon tí ó rí ilẹ̀ pupa tí kò sí koríko lórí rẹ̀, lè rò pé ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó kà á sí ni. Kò mọ̀ pé kí ó tó jí ni àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ìyàwó ilé ti tẹ̀ ba, tí wọ́n ti fi ọwọ̀ tí a fi ọwọ́n imọ̀ ọ̀pẹ dì gbá ilẹ̀ náà láti ìdí ògiri bọ́ sí ojúde, tí ipa ọwọ̀ sì hàn lórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọjá ni a ó rí lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni èyí. Ilẹ̀ tí a gbá mọ́ kò fi ibi ìsápamọ́ sílẹ̀ fún ejò àti àkekèé. Iná tí ń jó igbó nígbà ọyẹ́ kì í rí ohun jẹ lórí rẹ̀ kí ó tó dé ara ilé. Ọmọ tí ń rá lè rá lórí rẹ̀, ẹ̀wà sọ́yà àti àgbàdo sì lè gbẹ lórí rẹ̀. Àní ọgbọ́n wà nínú èèwọ̀ tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ pé a kì í gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a má baà ṣẹ Olóde, òrìṣà tí í ṣe ọba ilẹ̀ gbígbóná. Nítorí pé eruku tí ó bá gbéra ní àkókò náà, inú imú àti inú ọbẹ̀ ni í wọ̀.

Àṣà yìí ti rìn jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ní Georgia, ní South Carolina àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó sún mọ́ wọn, àti àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ́yìn tí òmìnira dé, a máa fi ọwọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ dì gbá àgbàlá wọn títí kò fi ní ku ewé kan lórí ilẹ̀, wọn a gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sí etí rẹ̀, wọn a sì gbé àga sábẹ́ igi kí wọ́n lè máa gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Richard Westmacott, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Georgia, rìn káàkiri láàárín wọn, ó sì kọ ìwé kan jáde ní 1992 nípa ọgbà àti àgbàlá wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó sì gbà pé láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àṣà àgbàlá gbígbá ti bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ju ọwọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbin koríko bí aládùúgbò wọn, lónìí àwọn arúgbó díẹ̀ ni ó ṣì ń gbá ilẹ̀ náà. Ohun tí oko ẹrú kò lè gbà lọ́wọ́ wọn, àwòkọ́ṣe aládùúgbò ni ó gbà á. Koríko ni ó ṣe tiwọn. Síméńtì ni ó fẹ́ ṣe tiwa.

Ọ̀rọ̀ igi ni ó tún kàn, òun ni ó sì ká mi lára jù lọ. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ìsinmi wo ni ó wà nínú ilé tí páànù rẹ̀ ń jó bí ààrò láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, tí kò sì sí igi kan tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀? Bí a bá fẹ́ gbin igi sí àgbàlá, kì í ṣe gbogbo igi ni ó yẹ ibẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ṣàkóso Tógò láti 1884 títí di 1914, ni wọ́n gbin igi tíìkì wọ ilẹ̀ yìí, igi náà sì ti di ọrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Atakpamé, nítorí pé òpó rẹ̀ le, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn ń ràn gan-an tí a ń wá ìbòòji kiri, ìgbà náà ni tíìkì ń wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń dúró ní ìhòòhò. Panṣẹ́kẹ́ tí òdòdó rẹ̀ pupa fòò, tí ó ti erékùṣù Madagascar wá, náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Máńgòrò kò ṣe irú èyí sí wa rí. Ọdún yípo ni ewé ń bẹ lórí rẹ̀, òjìji rẹ̀ ki dẹ̀dẹ̀, bí oṣù kẹta bá sì ti wọlé, ọmọ adúgbò kò ní jẹ́ kí ebi pa òun. Dóńgóyárò náà dára, kò kọ ilẹ̀ líle. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn igi méjèèjì yìí ti wá, ìbẹ́pẹ ti Amẹ́ríkà wá, a sì ti gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀ débi tí ọmọ wa yóò búra pé igi baba òun ni. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ọgbà tí ó bá dára a máa gba àlejò.

Ìjọba Tógò ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ igi láti 1977, ní 2021 wọ́n sì kéde pé àwọn fẹ́ kí a gbin bílíọ̀nù 1 igi kí ó tó di 2030. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbin igi rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ni. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gbin ín tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti padà sílé, ewúrẹ́ ṣì ń bọ̀, ọyẹ́ ṣì ń bọ̀, omi kànga yóò sì lọ sílẹ̀. Àgbàlá ilé ni igi ti ń rí olùtọ́jú, nítorí omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀ lè di omi rẹ̀, ojú onílé ń wà lára rẹ̀, ọmọdé sì lè fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká títí yóò fi ga ju ẹnu ewúrẹ́ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí a bá kúrò lábẹ́ igi, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ibi tí àlejò kì í dé. Ewúro wà níbẹ̀, èfìnrín wà níbẹ̀, kóóko ọba tí a ń sè mu nígbà ibà wà níbẹ̀, ọ̀dúndún tútù wà nínú àpáàdì, pèrègún sì dúró ní ààlà, ó ń sọ fún aládùúgbò ibi tí ilẹ̀ baba rẹ̀ parí sí. Níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn gbà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ti ń yọ̀. Lórí ààtàn ni ìbẹ́pẹ ti ń so jù. Làpálàpá tí a fi ṣe ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo ní Ketu, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ìmọ̀ ewé wọ̀nyí jọ lẹ́nu àwọn àgbà wa, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1995. Kò bọ́ sí i pé kí àlejò máa kọ ìwé nípa ewé ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí àwa onílé ń da kọnkéré lé e lórí.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ó fẹ́ síméńtì ń sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣófo. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ń pọ̀ nígbà òjò, àgbàlagbà lè yọ̀ ṣubú. Òótọ́ ni, nítorí náà kí a fi síméńtì ṣe ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilé ìwẹ̀, kí a fi yí etí kànga ká. Wọ́n ní igbó ń kó ẹ̀fọn wá. Èyí ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú omi tí ó dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, nínú agolo, nínú táyà àlòkù, nínú ìkòkò tí a kò dé, àti nínú kòtò orí kọnkéré tí omi kò ríbi gbà. Ilẹ̀ tí a fi síméńtì dí pa kì í mu omi. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ilé aládùúgbò ni yóò ṣàn sí, yóò sì máa họ ìpìlẹ̀ ògiri ẹni ẹlẹ́ni. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, àwa ni a ń darí rẹ̀ sí ara wa. Lọ́sàn-án, kọnkéré náà yóò gba oòrùn sínú, lóru yóò máa tú u jáde sí yàrá tí a fẹ́ sùn.

Àwa tí a ń gbálẹ̀ náà ní àtúnṣe láti ṣe. Gbígbá tí a ń gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́, tí a kì í sì í dá ohunkóhun padà fún un, ti jẹ́ kí gbòǹgbò igi máa yọ síta nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ewé tí a bá sì gbá jọ, iná ni a ń fi sí i. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun iná yìí. Kí a kó ewé náà sí ìdí igi tàbí sórí ààtàn, kí ó jẹrà, kí ó di ilẹ̀ dúdú fún ewébẹ̀ wa.

Àwọn ọba wa mọ iyì àgbàlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó, nínú ìwé tí ó kọ ní 1966 lórí àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn bí ilẹ̀ ààfin ti gbòòrò tó, tí àgbàlá ń tẹ̀lé àgbàlá, tí igbó pàápàá sì ń bẹ lẹ́yìn ilé ọba. Kì í ṣe àìní agbára ni wọ́n fi jẹ́ kí ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀. Ewé igi àkòko pàápàá ni a fi ń fi ọba àti ìjòyè jẹ.

Ẹni tí ó bá ń múra ilé kíkọ ní Elavagnon tàbí ní Atakpamé lọ́dún yìí, mo bẹ̀ ọ́, kí bíríkìlà tó dé, dúró lórí ilẹ̀ rẹ ní ọ̀sán kan, kí o wo ibi tí igi tí ó ti wà níbẹ̀ ń fi òjìji rẹ̀ sí, kí o sì sọ fún bíríkìlà pé kí ó má fọwọ́ kan ibẹ̀. Bí kò bá sí igi kankan, gbin máńgòrò kan nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá bẹ̀rẹ̀, kí o fi ẹ̀gún yí i ká, kí o sì fi owó kọnkéré tí ó ṣẹ́kù ra àga onígi kan tí o ó gbé sábẹ́ rẹ̀.